Wọn Kì í Fi Fóònù Túfọ̀ Nílé Wa

Bàbá mi àgbà kú nígbà tí ọyẹ́ ń kógbá sílé. Láti ìgbà tí a ti sin wọ́n, gbogbo ẹni tó bá yà kí mi ló ń sọ pé, "Háà, èèyàn jẹ́jẹ́ ni Bàbá Káfíńtà." Jẹ́jẹ́ kẹ̀? Èmi Àbẹ̀kẹ́ ni mo bá wọn gbé nílé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi ni mo ń fọ aṣọ wọn, èmi ni mo ń gbọ́ ariwo wọn bí iyọ̀ ọbẹ̀ bá dín. Bàbá le. Bàbá lágídí. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà wọ́n lẹ́rù láyé, ohun náà sì wá dé ẹnu ọ̀nà wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n fún un ní àga, wọ́n ní kó jókòó kó má sọ̀rọ̀.

Ìyẹn ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó bá ń wá ọdún tí wọ́n bí wọn àti orúkọ gbogbo ọmọ tí wọ́n fi sáyé lọ, kó lọ wo ìwé ètò ìsìnkú.

Iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n ṣe títí agbára fi tán. Ṣọ́ọ̀bù wọn kò jìnnà sí Takie. Àwọn ni wọ́n kan àga tí ìdajì ìjọ Onítẹ̀bọmi àdúgbò wa ṣì ń jókòó lé, àwọn náà ni wọ́n sì ń kan pósí fún gbogbo agbègbè. Pósí yìí ló sọ wọ́n di irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Ẹni tí òfò bá ṣẹ̀ kì í wọ ṣọ́ọ̀bù kó kàn la ẹnu kó ní pósí ni òun wá rà. Á dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Á wo ilẹ̀. Á kí Bàbá lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni pé ti àkọ́kọ́ ò dénú. Kí ó tó ṣe èyí tán, Bàbá á ti gbé òòlù sílẹ̀, wọn á fa àga fún un, wọn á ní kí wọ́n bu omi wá.

Wọ́n fi ìmọ̀ yìí yangàn ju gbogbo àga tí wọ́n kàn lọ. Lọ́jọ́ kan tí mo gbé oúnjẹ lọ fún wọn, ọkùnrin kan wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ń bá wọn ṣàwàdà lórí bí pákó ṣe di góòlù. Bàbá wò ó títí, wọ́n wá rọra bi í pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ta ni?" Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. Ìyàwó rẹ̀ ni. Nígbà tó lọ tán, Bàbá kọjú sí mi, wọ́n ní, "Ẹni tó bá ru òkú wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sọ fún mi. Mi ò lè ṣì í mọ̀ láéláé."

Nílé wa, wọn kì í fi fóònù túfọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ló ní irú àṣà yẹn, ṣùgbọ́n ti Bàbá ti kọjá àṣà, òfin ni. Òfò kì í ṣe ohun tí à ń jù sí èèyàn létí láti ọ̀nà jíjìn, kí onítọ̀hún wá dá nìkan wà pẹ̀lú ẹ̀. Èèyàn ni kó gbé e wá. Kí ẹni náà jókòó, kí àgbà méjì wà ní ìjókòó, kí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ sì ti fi nǹkan díẹ̀ sẹ́nu. Ìgbà náà ni wọn ó tó sọ ọ́. Bàbá tó bí mi, tó ń gbé Ìbàdàn, ṣe bí ọ̀làjú lọ́jọ́ kan, ó pè, ó ní, "Bàbá, ọ̀rẹ́ yín ará Ìlọrin mà ti kú o." Bàbá gbé fóònù sílẹ̀. Fún nǹkan bí ọdún kan, "o káàbọ̀" àti "ó dàbọ̀" nìkan ni wọ́n ń bá ọmọ wọn sọ. Nígbà tí wọ́n máa dárí jì í, wọ́n ní, "Alààyè ló ni fóònù. Òkú, èèyàn ló ń ru ú wá."

Alààyè tí wọ́n sì tìtorí rẹ̀ ní fóònù, ẹyọ kan ni. Ìyá Akẹ̀sán ni à ń pè wọ́n, àbúrò Bàbá, ọmọ ìyá wọn kan ṣoṣo. Ọ̀yọ́ ni wọ́n lọ́kọ sí. Wọ́n gba ẹ̀sìn ọkọ wọn, wọ́n lọ sí Mẹ́kà, wọ́n sì ta abọ́ tánganran lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Akẹ̀sán títí orúnkún fi ní ó tó. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, ẹ̀fẹ̀ ni. Bàbá á ní ẹ̀yin Mùsùlùmí ni ò jẹ́ kí káfíńtà jèrè, ẹ̀yin tí ẹ kì í ra pósí. Ìyá á ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ fi pákó yín kan àga. Èmi, ilẹ̀ lásán ti tó mi."

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà láàárín wọn tí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Lóko, níhà Ìkòyí-Ilé, ni ìyá wọn kú sí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Bàbá wà nílé ìwé. Ìyá Akẹ̀sán lọ pọn omi. Nígbà tí ọmọ náà fi máa gbé omi dé, ìyá ti lọ, ojú rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Òun nìkan ló dá kú nínú ahéré. Láti ìgbà náà làwọn ọmọ méjèèjì ti bára wọn ṣe àdéhùn pé ẹni yòówù tó bá kọ́kọ́ ń lọ, èkejì á jókòó tì í. Mo bi Bàbá léèrè rí bóyá ikú ń bà wọ́n lẹ́rù. Wọ́n ní, "Ikú kẹ̀? Mo ti wọn ikú tó pọ̀. Kí àbúrò mi máa lọ kí n má sí níbẹ̀, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù."

Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ gbogbo, Bàbá á jókòó ti tẹlifóònù. Ìyá ò ní ti ara wọn, ti Àǹtí Rìsí, ọmọ wọn, ni wọ́n ń lò. Bí aago bá ti dún, Bàbá á gbé e.

"Ṣé o wà?"

"Mo wà, Bùọ̀dá. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi náà wà."

Ó parí. Ojoojúmọ́. Mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé kí ni irú ọ̀rọ̀ báyìí, ẹ tiẹ̀ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n jẹ. Bàbá á ní kí n jókòó jẹ́jẹ́, pé ohun tí àwọn fẹ́ mọ̀ làwọn bi.

Ẹ ó ní tẹlifóònù onílà wo ló tún kù láyé yìí. Ó kù. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kékeré kan ló na waya sí ìwọ̀nba ilé ládùúgbò wa láyé ọjọ́sí. Nígbà tí gbogbo èèyàn ti pa tiwọn tì, Bàbá ń lo tiwọn lọ. Wọn ò fẹ́ fóònù alágbèéká rárá. Ó kéré sí etí wọn, wọ́n sì ní fóònù tó ń bá èèyàn rìn ò nílé, pé bí wọ́n bá ń wá ọ, ibo ni wọn ó ti bá ọ? Tí wọ́n bá mú iná lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, fóònù ilé yẹn ń dún, torí inú waya rẹ̀ ni agbára ń gbà wọlé. Láràárọ̀, kí Bàbá tó gbàdúrà, wọn á kọ́kọ́ gbé e sétí. Ohùn kan ń kùn nínú rẹ̀ láìdánudúró. Wọn á gbọ́ ọ díẹ̀, wọn á mi orí, wọn á gbé e sílẹ̀.

Ìgbà tó yá ni ilé-iṣẹ́ náà ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ kó waya àwọn kúrò lórí òpó. Wọ́n ní íńtánẹ́ẹ̀tì ni fóònù ilé máa gbà báyìí. Wọ́n rán òṣìṣẹ́ kan wá pẹ̀lú àpótí funfun kékeré kan tí iná wínníwínní ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Ọmọlúàbí ni, ó dọ̀bálẹ̀ gbọrọgbọrọ fún Bàbá.

"Nọ́ńbà yín náà ni, Bàbá. Fóònù yín náà ni. Ọ̀nà tó ń gbà nìkan ló yí padà."

"Bí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́?"

"Àpótí yìí á kú, sà. Àmọ́ a so bátìrì kékeré mọ́ ọn, á gbé e fún wákàtí díẹ̀."

"Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ ńkọ́?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Háà, Bàbá, iná á ti dé nígbà yẹn."

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wò ó láti òkè délẹ̀. "Ọmọ ìlú wo ni ọ́, tí iná yín ń tètè dé?"

Ká má parọ́, inú mi dùn ní tèmi. Èmi rí íńtánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ nínú ilé, mò ń jó. Ìta ni Bàbá wà, wọ́n ń wo bí òṣìṣẹ́ náà ṣe gé waya dúdú náà lórí òpó tó sì já bọ́ sínú àgbàlá. Wọn ò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ náà gbé e lọ. Wọ́n ká a jọ bí ẹni ń ká okùn ẹran tó ti kú, wọ́n gbé e kọ́ sára ìṣó. Mo ní, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi waya ṣe?" Wọ́n ní, "Kò sí. Mi ò kàn fẹ́ kí wọ́n gbé e kọjá lójú mi ni."

Fóònù tuntun náà ń ṣiṣẹ́. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ tilẹ̀ mọ́ ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ kan wọlé sínú rẹ̀. Lórí waya, kí Bàbá tó pa ẹnu dé lórí "Ṣé o wà?", Ìyá ti dáhùn. Nísinsìnyí, Bàbá á bèèrè, nǹkan kan á dákẹ́ lọ lọ́hùn-ún, lẹ́yìn náà ni "Mo wà" á tó wá dé. Nínú ìdákẹ́ yẹn, mo máa ń rí ọwọ́ Bàbá tó ń fún tábìlì mú. Ìyá náà ń ṣàròyé ní Ọ̀yọ́ pé, "Bùọ̀dá, ẹ ti ń pẹ́ kí ẹ tó dá mi lóhùn." Bàbá á ní, "Ìwọ lò ń pẹ́." Mo ṣàlàyé títí pé bí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe rí nìyẹn, kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Bàbá ní, "Ìṣẹ́jú àáyá kan pọ̀, Àbẹ̀kẹ́. Ẹni tó fẹ́ kú kì í lò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo ní kí wọ́n yéé sọ bẹ́ẹ̀, pé wọ́n ń ṣẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù náà ti wọ̀ mí lára ná. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì ní ìrọ̀lẹ́, tí mò ń retí kí ìdákẹ́ yẹn kọjá.

Òjò ńlá kan ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àrá sán pa tiransifọ́mà àdúgbò wa, gbogbo ilé ṣókùnkùn. Bátìrì kékeré gbé àpótí náà débi tí wọ́n ṣèlérí, ó sì kú. Ní òwúrọ̀, Bàbá gbé fóònù sétí. Kò kùn. Kò sọ nǹkan kan. Wọ́n dì í mú síbẹ̀ pẹ́ títí, bí ẹni ń gbọ́ràn. Ní ìrọ̀lẹ́, mo fi fóònù tèmi pe Ọ̀yọ́ fún wọn, Ìyá sì dáhùn pé àwọn wà, ṣùgbọ́n Bàbá ò gbọ́ dáadáa, èmi ni mo ń tún un sọ fún wọn. Kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Lọ́jọ́ kejì, tèmi náà kú. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣájì fóònù fún èèyàn ní Takie, èrò ti kún ibẹ̀ bámúbámú, ó ní kí n fi sílẹ̀ kí n padà wá ní òwúrọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn nìkan ni wọn ò béèrè lọ́wọ́ ara wọn bóyá wọ́n wà.

Ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an ni Ìyá Akẹ̀sán ṣubú ní ìdí kànga. Ohun tí a wá mọ̀ lẹ́yìn ni pé Àǹtí Rìsí pè, ó pè, ó pè. Fóònù Bàbá ò lọ, tèmi ò lọ. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, ó ní kí Múfútáù, ọkọ rẹ̀, wọ ọkọ̀ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Fóònù kan ṣoṣo làwọn méjèèjì jọ ní, ó sì fi í sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ Ìyá.

Iwájú ilé ni mò ń gbá lọ́wọ́ nígbà tí Múfútáù dé. Télọ̀ ni, kì í sọ̀rọ̀ sókè. Kò wá sílé wa rí láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ pè. Bàbá jókòó sínú pálọ̀ pẹ̀lú ìwé orin lórí ẹsẹ̀. Múfútáù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ilẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà," ló wí. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó tún ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

Mo rí ojú Bàbá tó yí padà. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, Rìsí ní kí n tètè..."

"Má sọ ọ́."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n..."

"Mo ní má sọ ọ́!" Ohùn wọn gbọn ilé. "Jókòó. Àbẹ̀kẹ́, bu omi fún un. Lọ pe Díákónì, sọ fún un kó mú àgbà kan dání."

Múfútáù jókòó. Kí ló fẹ́ ṣe? Àna ni, ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n kọ́ ni, ẹnu rẹ̀ ò gbà á láti já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n ìyá ìyàwó rẹ̀. Ó di ife omi mú, kò mu ún. Omijé bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀. Èmi àti Bàbá rí omijé yẹn, a sì rò pé a mọ ohun tó ń pa á lẹ́kún. Mo ti ń ké "Ìyá o, Ìyá o" kí n tó dé ẹnu géètì.

Díákónì ìjọ wa ò sí nílé, ó ti lọ wo àgbàdo rẹ̀. Wọ́n lọ pè é wá. Àgbà kejì ń wẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, Bàbá ti wọ aṣọ dúdú, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì, torí òfin ni pé ẹni tó fẹ́ gbọ́ òfò gbọ́dọ̀ ti fi nǹkan sẹ́nu. Wọ́n ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Múfútáù ń wò wọ́n, ó ń mi ẹsẹ̀ bí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n. Oòrùn ti gun ògiri nígbà tí àwọn àgbà fi jókòó tán. Bàbá gbé ọwọ́ lé orúnkún méjèèjì.

"Ó yá, ọmọ mi. Sọ ọ́ wàyí."

Múfútáù dojú bolẹ̀. "Bàbá, wọn ò kú! Ìyá ò kú o. Wọ́n ṣubú lánàá ni, agbára ń tán lára wọn. Wọ́n ní kí n wá gbé yín kíákíá, pé kí ẹ wá jókòó ti àwọn."

Bàbá dìde, wọ́n jáde láìdé fìlà.

Bàbá lo oṣù díẹ̀ sí i láyé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Wọ́n tún tiransifọ́mà ṣe, iná wínníwínní padà sára àpótí funfun, ṣùgbọ́n wọn ò gbé fóònù náà sétí mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì yọ lẹ́nu ọ̀nà, ì báà ṣe ẹni tó ń kiri búrẹ́dì, Bàbá á ti pariwo kó tó kí wọn tán: "Má jókòó! Sọ ọ́!" Àwọn ará ilé ní orí Bàbá ti ń dàrú. Orí wọn pé o. Ó pé jù.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọjọ́ tí Múfútáù wá yẹn. Díákónì ló wa ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Bàbá wà níwájú, èmi àti Múfútáù wà lẹ́yìn. A ò tíì rìn jìnnà tí fóònù Díákónì, tó ti kú láti ọjọ́ méjì, jí lórí ṣájà ọkọ̀. Inú Díákónì dùn. Ó ní, "Ọpẹ́ o! Múfútáù, pe nọ́ńbà ìyàwó rẹ, kí Bàbá bá Àlàájà sọ̀rọ̀." Múfútáù na ọwọ́. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù náà.

"Ẹ má pè."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká pè!" ni mo wí. "Ẹ ó gbọ́ ohùn wọn!"

"Tó bá jẹ́ pé ìyẹn kọ́ ni mo máa gbọ́ ńkọ́?" Wọn ò bojú wẹ̀yìn. "Mi ò ní gbọ́ ọ lórí fóònù. Tí mi ò bá tíì gbọ́, ó ṣì wà."

Inú bí mi. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí, inú bí mi sí bàbá arúgbó yẹn. Mo pariwo lé wọn lórí, Díákónì ní kí n dákẹ́, pé ta ló kọ́ mi nílé. Bàbá ò gbé ọwọ́ kúrò lórí fóònù náà títí a fi wọ Ọ̀yọ́.

Nígbà tí a yà sí àdúgbò lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán, àwọn obìnrin ń gbé garawa omi wọlé Ìyá. Bàbá rí wọn kí ọkọ̀ tó dúró. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n rìn wọlé, a sì tẹ̀ lé wọn.

Àǹtí Rìsí kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ojú rẹ̀ pọ́n. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń wò ó bí ẹni pé kò mọ ibi tí òun fẹ́ gbé e sí.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Kò tíì pẹ́ rárá tí wọ́n lọ." Ó nu ojú. "Mo fẹ́ gba fóònù yìí lọ́wọ́ wọn kí n tún pè yín, wọn ò fún mi. Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn, pé ẹ ti wà lọ́nà, ẹ máa pè."